Ta Ló Ti Fláàṣì Yín Pa?

Bí ẹ bá dé àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní àyíká UNILAG ní Akoka, l'Ékòó, tàbí àwọn tó wà nítòsí Yabatech, lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi iṣẹ́ àṣekágbá wọn sílẹ̀, ẹ ó rí i pé fláàṣì kì í sinmi. Ó wọ kọ̀ǹpútà yìí, ó jáde, ó tún wọ tọ̀hún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á tún orí kẹrin ìwé rẹ̀ ṣe lójú ẹ̀rọ, á ní kí ó pa á mọ́ sórí fláàṣì, ni kọ̀ǹpútà á bá gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú rẹ̀: "The disk is write protected." Fáìlì àtijọ́ ṣì ń ṣí. Fọ́tò ṣì ń jáde. Ṣùgbọ́n ohun tuntun kankan kò wọlé, èyí tó wà níbẹ̀ kò ṣe é pa rẹ́, fọ́máàtì pàápàá kò ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá nǹkan ṣe sí i, a máa fọ́máàtì ẹ̀ ni."

Ẹ má gbà fún un. Ó kéré tán, ẹ má tíì gbà. Fláàṣì tó ń jẹ́ kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ àmọ́ tó kọ̀ láti gba òmíràn, ẹrù yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Mo fi èyí ṣáájú àlàyé nítorí pé ó máa ń dùn mí gan-an bí iṣẹ́ ọdún kan bá ṣòfò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́. Ẹ̀rọ náà kò tíì pa nǹkan kan lára ní gbogbo ìgbà yẹn. Àtúnṣe tí wọ́n fi ìwàǹwára ṣe ló pa á.

Nígbà tí ẹ̀dà bá ti wà níbòmíràn, ọkàn yín á balẹ̀ láti wádìí ẹni tó ti fláàṣì pa. Ó lè jẹ́ ọwọ́ ara yín. Ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ àmì kan tí wọ́n kọ sórí fláàṣì. Ó sì lè jẹ́ fláàṣì náà ló ti ara rẹ̀ pa. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni wọn kì í sábà ṣàlàyé fún oníbàárà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń wá ọ̀nà tí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò fi ní parẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ lo káséẹ̀tì á rántí ike pẹlẹbẹ méjì tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣẹ́ ike yẹn, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ kò ní wọlẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wá fẹ́ gba fújì tuntun sórí káséẹ̀tì àtijọ́ ní Mushin, sẹ́lótéèpù ni yóò lẹ̀ mọ́ ojú ihò náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Dísíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà tó tẹ̀lé e ní ike kékeré kan ní igun rẹ̀: bí ẹ bá fà á tí ihò náà là sílẹ̀, kò gba nǹkan mọ́, bí ẹ bá dá a padà, ó gbà.

Káàdì SD tí wọ́n ń lò nínú kámẹ́rà ṣì ní irú ike bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dòní. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ike yẹn kò kan ohunkóhun nínú káàdì. Ihò tí ẹ ki káàdì bọ̀ ló ń yẹ ibi tí ike náà wà wò, tó sì ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà tàbí kámẹ́rà. Nítorí náà, ayafọ́tò tó ń ya ìnáwó ní Surulere ní gbogbo Sátidé, tí ike káàdì rẹ̀ ti ń yẹ̀ nítorí ìlò, lè máa rò pé káàdì òun ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ike tó yẹ̀ nìkan ni. Sẹ́lótéèpù tín-ín-rín lójú ibi tí ike náà ti yẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe é fún káséẹ̀tì. Fláàṣì díẹ̀ náà ní bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ lára. Ẹ fara balẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ tiyín kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa kò ní.

Bí kò bá sí bọ́tìnnì, ẹ yọ ọ́, kí ẹ lọ kì í bọ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ìdánwò yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà kejì nítòsí, okùn kékeré OTG tí àwọn tó ń ta èlò fóònù ní Ojúẹlẹ́gba máa ń ní lórí àtẹ wọn lè so fláàṣì mọ́ fóònù Android. Ẹ gbìyànjú láti kọ fáìlì kékeré kan sí i láti orí fóònù. Bí ó bá gbà, fláàṣì yín kò ní àìsàn kankan. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ló ní kò gbọdọ̀ gba nǹkan.

Kọ̀ǹpútà lè ní ìdí. Ọ̀pọ̀ báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá ló ń ṣètò ẹ̀rọ wọn kí òṣìṣẹ́ má baà da ìwé oníbàárà sórí fláàṣì gbé lọ sílé. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín tú u. Ẹ lọ bá àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tiyín ni, ibi kan wà nínú Windows tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ kọ regedit sí ibi tí ẹ ti máa ń wá nǹkan, kí ẹ tẹ̀lé ọ̀nà yìí: HKEY_LOCAL_MACHINE, SYSTEM, CurrentControlSet, Control, títí ẹ ó fi dé StorageDevicePolicies. Bí ẹ bá bá WriteProtect níbẹ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ 1, ẹ sọ ọ́ di 0, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Fáírọ́ọ̀sì lè yí i, ẹni tó lo ẹ̀rọ náà kí ẹ tó rà á ní tókunbọ̀ náà lè ti yí i. Bí ẹ kò bá rí StorageDevicePolicies rárá, kò léwu, ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti tì í.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ èyí. Ẹni tó ń lo Mac á rí i pé fláàṣì tí wọ́n fọ́máàtì sí NTFS ń ṣí lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣùgbọ́n kò gba nǹkan; bí Apple ṣe ṣe é nìyẹn, fláàṣì kò jẹ̀bi. Ẹni tó sì ń gbìyànjú láti ki fíìmù kan tó ju GB 4 lọ sórí fláàṣì tó wà ní FAT32, kọ̀ǹpútà á ní fáìlì náà ti tóbi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ṣì pọ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe títì pa. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀, ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí exFAT, àwọn ìṣòro méjèèjì á tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá ku fláàṣì tó kọ̀ lórí gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ kì í bọ̀. Ibí yìí ni ètò kan tó ń jẹ́ diskpart ti wúlò, nítorí pé ó lè sọ fún yín ẹni tó jẹ̀bi gan-an. Ẹ wá cmd, ẹ yàn án pé kí ó ṣí pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó. Ojú dúdú kan á yọ. Ẹ kọ diskpart, ẹ tẹ Enter. Ẹ kọ list disk, ẹ tún tẹ Enter. Yóò ka àwọn ibi ìpamọ́ tó wà lára kọ̀ǹpútà náà fún yín ní ìlà-ìlà, Disk 0, Disk 1, pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Ẹ fojú sí iye yìí dáadáa. Ibi ìpamọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n tà fún yín ní GB 512 á hàn bíi 476. Fláàṣì GB 16 á hàn bíi 14. Ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan yín: ẹgbẹ̀rún ni iléeṣẹ́ tó ṣe é fi ń kà, Windows ń fi 1,024 kà.

Bí fláàṣì yín bá jẹ́ Disk 1, ẹ kọ select disk 1, lẹ́yìn náà, attributes disk. Ìlà mélòó kan á jáde, méjì ló kàn wá. Ọ̀kan ni "Current Read-only State", èkejì ni "Read-only". Bí méjèèjì bá sọ pé Yes, àmì lásán ni wọ́n fi sí i. Ẹ kọ attributes disk clear readonly, ẹ tẹ Enter, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí "Read-only" bá sọ pé No, tí "Current Read-only State" sì dúró lórí Yes, Windows ń sọ fún yín ní tààrà pé òun kọ́ ló ti nǹkan pa. Láti inú fláàṣì ni àṣẹ náà ti ń wá.

Ìkìlọ̀ kan rèé tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní òkúnkúndùn. Ọ̀pọ̀ àlàyé tí àwọn èèyàn ń pín kiri nípa diskpart máa ń fi ọ̀rọ̀ kan kún un: clean. Ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ibi tí ẹ bá yàn di òfìfo. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì yan ibi ìpamọ́ mìíràn dípò fláàṣì yín, ibẹ̀ gan-an ni ẹ lè sọ di òfìfo, kò sì ní bi yín lẹ́ẹ̀mejì. Attributes kì í pa nǹkan rẹ́. Clean ń pa á rẹ́.

Àbùkù tún lè wà nínú ètò tí wọ́n fi to fáìlì sórí fláàṣì, pàápàá bí wọ́n bá já a gbà nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Linux a máa sọ irú fláàṣì bẹ́ẹ̀ di èyí tí wọ́n kàn lè kà. Ẹ lè lo chkdsk E: /f lórí Windows láti tún un tò, bó bá jẹ́ E ni fláàṣì yín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kíkọ ni chkdsk náà ń kọ nǹkan sórí fláàṣì. Bí fláàṣì bá ti ti ara rẹ̀ pa, chkdsk kò lè wọlé.

Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ kékeré á fi ti ara rẹ̀ pa? Ẹ tú ike fláàṣì kan tó ti kú wò. Ẹ ó rí bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irin USB ní orí rẹ̀, àti ṣíìpù dúdú méjì ní ojú kan tàbí méjèèjì. Èyí tó tóbi ni ibi ìpamọ́. Èyí tó kéré ni adarí, òun ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. (Nínú àwọn fláàṣì pẹ́tẹ́kí tó jẹ́ bí èékánná, wọ́n ti mọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ègé kan ṣoṣo.) Irú ibi ìpamọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní NAND. Fujio Masuoka, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ni òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbé e jáde ní 1987. Ní ọdún 2000 ni Trek 2000 ti Singapore bẹ̀rẹ̀ sí í ta ThumbDrive, tí IBM náà sì ta tirẹ̀ tó gba MB 8. MB 8 yẹn ju ohun tí dísíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún ń gbà lọ, ohun ìyanu ló sì jẹ́ nígbà náà.

Nínú NAND, àìmọye yàrá kéékèèké ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń há ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́nú. Awọ tín-ín-rín kan tí iná kì í gbà kọjá ló yí wọn ká, òun ni kì í jẹ́ kí ohun tó wà níbẹ̀ sá lọ bí ẹ bá yọ fláàṣì. Láti ka yàrá náà, iná díẹ̀ tó láti mọ̀ bóyá ó kún tàbí kò kún. Láti kọ nǹkan sí i, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: fólítì 5 ni USB ń fún un, fláàṣì á gbé e sókè nínú ara rẹ̀ títí dé nǹkan bí 20, kí ó lè fipá gba inú awọ yẹn kọjá. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí èyí bá ṣẹlẹ̀, awọ náà ń gbó sí i díẹ̀. Ìdí rèé tí fláàṣì tó ti rẹ̀ fi lè máa ka nǹkan dáadáa kí ó sì má lè kọ mọ́.

Pípa rẹ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. NAND lè kọ ìpín kékeré kan, KB 16 fún àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n kò lè pa ìpín kékeré rẹ́ lóun nìkan. Àfi kí ó pa odindi ìdìpọ̀ rẹ́, tó lè tó MB mélòó kan. Bíi tíṣà tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan kọ lójú pátákó, tí ó sì di dandan fún un láti kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ kọ sórí pátákó mìíràn, kí ó tó nu ti àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣí ìwé rẹ̀ tààrà láti orí fláàṣì, tó sì ń tẹ "save" ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ń fa iṣẹ́ ńlá yìí ní gbogbo ìgbà. Àwọn ṣíìpù àtijọ́ tó ń fi ègé ìsọfúnni kan ṣoṣo sí yàrá kan lè fara da á ní nǹkan bí 100,000 ìgbà. Àwọn tó ń fi mẹ́ta sí yàrá kan, tí wọ́n wọ́pọ̀ lónìí nítorí pé owó wọn kò pọ̀, máa ń wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan sí mẹ́ta.

Adarí mọ gbogbo èyí. Ó ń pín iṣẹ́ káàkiri kí apá kan má baà gbó ṣáájú àwọn tó kù. Ó ní àwọn ìdìpọ̀ tó fi pamọ́ láti rọ́pò èyí tó bá kú. Ó sì ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, lórí NAND kan náà, tó fi ń mọ ibi tí ó kó fáìlì yín sí. Bí ohun ìrọ́pò bá tán, tàbí bí ìwé àkọsílẹ̀ yẹn kò bá bára mu mọ́, ó mọ̀ pé bí òun bá tún kọ nǹkan kan, òun lè kọ ọ́ lé ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí. Ó sì dáwọ́ kíkọ dúró pátápátá. SanDisk, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fláàṣì, sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: fláàṣì náà ti rí àmì àbùkù lára ara rẹ̀, ó ti ara rẹ̀ pa kí ẹrù yín má baà sọnù, kò sí ọ̀nà láti tú u, ẹ kó ẹrù yín kí ẹ ra òmíràn.

Ìwé àkọsílẹ̀ adarí yìí ni àìsí iná tó dúró ṣinṣin fi ń bá wa jà ní Mainland Èkó. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS wà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, fáìlì ń wọ orí fláàṣì lọ́wọ́, NEPA mú iná lọ. Kí wọ́n tó fa jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ adarí ti já ní àárín, ìdajì ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tuntun, ìdajì jẹ́ ti àtijọ́. Fífa fláàṣì yọ lójijì ń ṣe ohun kan náà gan-an. Iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ ló yẹ kí ẹ wò. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ dúró. Kí ẹ sì yọ ọ́ láti ojú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ fà á.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi irinṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ṣe adarí náà tún un dá láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, fláàṣì ń jí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń lọ, awọ tó ti gbó kò sì padà di tuntun. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má náwó sí i: fláàṣì tó ti ara rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan kò yẹ kó gbé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí ẹ bá ń ra òmíràn, ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ní òun gba TB 1 tàbí 2 ní owó táṣẹ́rẹ́. Ayédèrú ni. Adarí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ láti purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti kọjá GB díẹ̀ tó ní ní tòótọ́, orúkọ fáìlì á hàn, ohun inú rẹ̀ kò ní sí. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ H2testw máa ń kọ nǹkan kún inú fláàṣì, á sì kà á padà, láti mọ iye tó gbà gan-an. Ẹ dán an wò kí ọjọ́ tí ẹ fi rà á tó pẹ́.

Bí ẹ bá sì ń lọ tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù tí kọ̀ǹpútà wọn ti rí fláàṣì ẹgbẹ̀rún èèyàn, títì pa di ohun tó yẹ kí ẹ fẹ́. Ẹ fi ìwé náà sí PDF, ẹ gbé e sórí káàdì SD, ẹ ti ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa kí ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ wọn. Bí ihò ẹ̀rọ wọn bá ń tẹ̀ lé ohun tí ike náà sọ, fáírọ́ọ̀sì kò lè gun orí rẹ̀. Ẹ sì tún lè fi PDF náà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, kí fláàṣì má jáde nílé rárá.

Fláàṣì tó ti ara rẹ̀ pa ní ewu kan tí èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Ẹ kò lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá rí i he lórí ààtàn lè kà á: ìwé NIN yín, àkáǹtì báńkì, fọ́tò àwọn ọmọ, èsì ìdánwò. Nítorí náà ẹ má kàn sọ ọ́ nù, ẹ má sì tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù. Ẹ tú ike rẹ̀, ẹ wá ṣíìpù dúdú tó tóbi jù, kí ẹ fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kí ẹ tó dà á nù.